Káàdì sinimá olóṣooṣù: ta ló pé, ta ni ò pé?

Káàdì tí èèyàn ń sanwó fún lóṣooṣù kó lè máa fi wo fíìmù ní sinimá ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ n sì ti orí ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ kó tó di pé mo ń ṣàlàyé. Tí ẹ bá ń lọ sinimá ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ilé sinimá yẹn ò jìnnà sí yín, tí ẹ sì ráyè láàárín ọ̀sẹ̀, ó pé yín, ẹ gbà á. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí fíìmù ńlá kan bá jáde tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ nìkan lẹ máa ń lọ, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò, ẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlàyé ni gbogbo ìyókù, àmọ́ àlàyé ọ̀hún ṣe pàtàkì o, torí mo mọ àwọn tó ń sanwó oṣù lé oṣù tí ẹsẹ̀ wọn ò kan ilé sinimá, mo sì mọ àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ pé ìdajì owó yẹn ni wọn ì bá fi wo gbogbo ẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà ni màá sọ jù, torí ibẹ̀ ni nǹkan yìí ti gbilẹ̀, káàdì ibẹ̀ náà sì ni mò ń lò. Ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, AMC, Regal àti Cinemark, kálukú ló ní ètò tiẹ̀, ètò yẹn ò sì jọra wọn rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí wàhálà nìyẹn, wọ́n á kàn gbọ́ sinimá olóṣooṣù, wọ́n á rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, wọ́n á gba èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí.

Ti AMC ni wọ́n ń pè ní A-List. Oṣù kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n gbé e jáde, $19.95 lóṣù nígbà yẹn, fíìmù mẹ́ta lọ́sẹ̀. Owó ẹ̀ ti gbéra sókè látìgbà yẹn, iye tí ẹ máa san sì wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé, ẹni tó wà ní California ò lè san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó wà ní ìlú kékeré kan láàárín Amẹ́ríkà. Ohun tó jẹ́ kí tiwọn wù mí ni pé IMAX, ìyẹn skríìnì gbàràmù, wà nínú ẹ̀, Dolby tí àwòrán àti ohùn ẹ̀ mọ́ yàtọ̀ náà wà nínú ẹ̀, wọn ò ní ní kẹ́ ẹ fi nǹkan kún un, wọn ò sì ní gba owó tí wọ́n máa ń gbà tí èèyàn bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù. Ọjọ́ Fúráìdé ni ọ̀sẹ̀ wọn ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí lálẹ́ Tọ́sìdé, ẹ fi sọ́kàn, torí èyí tí ẹ ò bá wò lọ́sẹ̀ yẹn ti lọ nìyẹn, wọn kì í gbé e kún ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ti Regal, Unlimited lorúkọ ẹ̀, oṣù keje ọdún 2019 ló jáde. Àwọn ò ka iye fíìmù, ẹ wò ó títí ojú á fi rẹ̀ yín. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, $18, $21 àti $23.50, bí owó yẹn ṣe ń ga ni iye ilé sinimá wọn tí ẹ lè wọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ní kí èèyàn fọwọ́ sí i fún ọdún kan gbáko. Àmọ́ tó bá di ti skríìnì ńlá bíi IMAX, ẹ ó fi owó díẹ̀ lé e. Nígbà yẹn náà wọ́n ń gba sẹ́ńtì 50 lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi áàpù mú, mo mọ̀ pé sẹ́ńtì 50 ò tó nǹkan, àmọ́ ẹni tó ń wo fíìmù mẹ́wàá lóṣù, $5 nìyẹn, kò sì sí nínú iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú pátákó.

Cinemark ní tiẹ̀ gba ọ̀nà míì. Movie Club wọn jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2017, $8.99 lóṣù nígbà yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lẹ máa rí gbà lóṣù. Kan ṣoṣo. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Tí ẹ ò bá lò ó lóṣù yìí, ó ń bẹ níbẹ̀ dè yín, kò ní bàjẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹ sì lè kó méjì mẹ́ta jọ kẹ́ ẹ fi mú ẹbí yín lọ lọ́jọ́ kan. Wọ́n tún ń yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára owó gúgúrú àti mínírà. Ẹni tí kì í lọ sinimá púpọ̀, èyí ló bá a lára mu jù, mi ò sì mọ ìdí tí àwọn èèyàn kì í fi sọ̀rọ̀ ẹ̀, bóyá torí pé kò ní ariwo "wò ó títí" nínú.

Ó dáa, ìṣirò wá ńkọ́? Ọ̀nà tí àwọn èèyàn máa ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á mú owó oṣù, wọ́n á fi owó tíkẹ́ẹ̀tì kan pín in, wọ́n á ní áà, fíìmù méjì ti gbé e. Òótọ́ ni, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì wo? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lọ́dún 2018 tí A-List jáde, $9.11 ni tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ní ìpíndọ́gba káàkiri Amẹ́ríkà, àmọ́ wọ́n ti ka tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé mọ́ ọn, wọ́n ti ka ti ọ̀sán mọ́ ọn, wọ́n ti ka ti ìlú kékeré tí nǹkan ò wọ́n mọ́ ọn. Ẹni tó ń lọ lálẹ́ Sátidé nílùú ńlá mọ̀ pé òun ò rí i rà ní iye yẹn rí, tó bá tún wá jẹ́ IMAX, owó yẹn lè kọjá $20 fún ẹnì kan. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Torí náà tó bá jẹ́ alẹ́ Sátidé àti skríìnì ńlá lẹ fẹ́ràn, fíìmù kan péré lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé owó oṣù yín, ìkejì ti di èrè.

Àmọ́ ẹ yí i padà wò. Tó bá jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ lẹ máa ń lọ, tàbí ọjọ́ Túsìdé? Àwọn ilé sinimá ńlá yìí máa ń já owó wálẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdé fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, orúkọ yẹn sì lè jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ẹni tó ń lọ ní gbogbo Túsìdé nìkan, iye tí tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin máa ná an lóṣù lè máà ju owó káàdì lọ púpọ̀, ìgbà míì ẹ̀ wọ́n á jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo mọ ìyá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀sán Túsìdé ni tiẹ̀, kò yẹ̀ ẹ́ rí, ọmọ ẹ̀ fẹ́ gba káàdì oṣooṣù fún un, mo ní kó fi sílẹ̀, kó fi owó yẹn ra gúgúrú fún màmá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti aago tí ẹ máa ń lọ, kẹ́ ẹ tó wo iye fíìmù.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ wà nínú fóònù yín. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, ẹ tẹ orúkọ ilé sinimá yẹn síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, ẹ wo oṣù mẹ́ta tó kọjá, ohun tí ẹ ná gan-an, kì í ṣe ohun tí ẹ rò pé ẹ ná. Ọwọ́ èèyàn máa ń fẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, a máa ń rò pé a ń lọ sinimá ju bí a ṣe ń lọ. Tí owó oṣù mẹ́ta yẹn ò bá tó owó káàdì oṣù mẹ́ta, kí ni ẹ tún fẹ́ kí n sọ.

Ní báyìí, ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn káàdì yìí gan-an, tí mo fi jókòó kọ gbogbo èyí, kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Tí èèyàn bá ń fi owó ọwọ́ ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù máa ń bà á. Ó fẹ́ kó dá òun lójú pé fíìmù yẹn á dùn, torí náà ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa lọ wò, apá kejì, apá kẹta, apá kẹrin, àwọn òṣèré tó ti ń rí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọjọ́ tí owó bá ti jáde lápò tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù yẹn lọ. Ẹ ó máa wo fíìmù tí ẹ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, fíìmù àwọn ará Korea, fíìmù àwọn ará Íráànì tí ẹ máa fi ojú ka ọ̀rọ̀ wọn nísàlẹ̀ skríìnì, fíìmù tí wọ́n fi ya ìgbésí ayé àwọn èèyàn gidi, tí wọ́n ń gbé sí gbọ̀ngàn kékeré tó wà lápá ẹ̀yìn pátápátá, tí ìjókòó ibẹ̀ ò ju ọgọ́ta lọ.

Mo rántí ìrọ̀lẹ́ kan báyìí tí mo kàn wọlé sí ọ̀kan nínú wọn torí pé aago ẹ̀ bá mi mu lẹ́yìn iṣẹ́. Àwa tá a wà níbẹ̀ ò pọ̀, bàbá kan jókòó sí ìlà iwájú pẹ̀lú fìlà lórí, àwọn ọmọbìnrin méjì wà lẹ́yìn mi, kò sí ẹni tó tan fóònù, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó ń ran aṣọ nínú ilé ẹ̀ ni fíìmù yẹn dá lé, wákàtí kan àtààbọ̀ kò sí ìbọn, kò sí ọkọ̀ tó gbiná, ẹ ó kàn máa gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀, tó bá ti dákẹ́ ẹ ó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí, ńṣe ni gbogbo wa dìde jókòó dáadáa lẹ́ẹ̀kan náà, mo gbọ́ bí àga àwọn tó wà lẹ́yìn mi ṣe dún. Mi ò ní fi $15 wò ó láéláé, mo mọ ara mi. Ó wà lára fíìmù tí mo fẹ́ràn jù títí di òní.

Òdì kejì ẹ̀ náà ni pé ẹ lè dìde. Fíìmù tí ò bá dùn, ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbé àpò yín, ó dàbọ̀. Ẹni tó fi owó ọwọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì máa ń jókòó síbẹ̀ títí tó fi parí torí kí owó má bàa ṣòfò, á wá pàdánù owó, á tún pàdánù àkókò. Èmi gbà pé ìdajì iye tí mò ń san lóṣù, àǹfààní pé mo lè dìde yìí ni mò ń fi rà.

Kí ilé sinimá tó gbà kẹ́ ẹ máa wo fíìmù báyìí, ṣé ẹ rò pé wọ́n ń pàdánù ni? Rárá o. Ẹ jẹ́ ká wo bí owó ṣe ń lọ. Nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń san, nǹkan bí ìdajì ló ń padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni fíìmù, tó bá jẹ́ fíìmù ńlá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tiwọn tún máa ń ju ìdajì lọ. Gúgúrú ńkọ́? Tilé sinimá ni, kò sẹ́ni tí wọ́n ń bá pín in, àgbàdo, epo àti iyọ̀ ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ń tà á. Ibẹ̀ ni èrè wọn wà. Ìjókòó tó ṣófo lálẹ́ Mọ́ńdè ò pa owó kankan wọlé, àmọ́ tí ẹ bá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú káàdì yín, ẹ ó ra mínírà, ẹ ó ra gúgúrú ńlá, torí lójú yín, ọ̀fẹ́ lẹ wọlé. Tí ẹ bá ń ra nǹkan jẹ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ, tí ẹ sì ń lọ ní ìlọ́po mẹ́ta iye tí ẹ ń lọ tẹ́lẹ̀, ẹ lọ ṣírò ẹ̀ dáadáa, owó tí ẹ rò pé káàdì bá yín fi pa mọ́ ti gba ibi gúgúrú lọ. Èmi máa ń jẹun kí n tó kúrò nílé. Tó bá wù mí gan-an mo máa ń ra ti kékeré, mi ò kì í bá wọn ṣe ti ńlá mọ́ bí wọ́n tilẹ̀ ní wọ́n á tún un rọ lọ́fẹ̀ẹ́.

A ò sì lè sọ̀rọ̀ yìí ká má dárúkọ MoviePass, torí òun ló jẹ́ kí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà. Òjò ti rọ̀ ilẹ̀ ti fi mu lórí ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ àwọn tó fẹ́ gba káàdì lónìí ní láti mọ̀ ọ́n. Stacy Spikes àti Hamet Watt ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2011, ó wà níbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan tí èèyàn púpọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Helios and Matheson Analytics wọlé, wọ́n ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìgbà yẹn náà ni wọ́n já owó wálẹ̀ sí $9.95 lóṣù, fíìmù kan lójúmọ́. Lójúmọ́ o! Káàdì kan báyìí bíi ti báńkì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí èèyàn. Tí ẹ bá dé ilé sinimá, ẹ ó ṣí áàpù wọn, ẹ ó mú fíìmù àti aago tí ẹ fẹ́, wọ́n á ju owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an sórí káàdì, ẹ ó wá fi sanwó níbi káńtà bíi ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ rí i bó ṣe rí: ilé sinimá gba owó ẹ̀ pé pérépéré, MoviePass ló ń fi àpò ara ẹ̀ san án. Ẹni tó bá wo fíìmù méjì lóṣù ti mú kí wọ́n pàdánù owó. Ẹni tó wo mẹ́wàá ńkọ́?

Wọ́n ní àwọn máa rí owó níbi ìmọ̀ nípa àwọn oníbàárà, wọ́n ní ilé sinimá àti àwọn tó ń ṣe fíìmù máa fún àwọn ní nǹkan. Èèyàn rọ́ wọlé lóòótọ́, nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún 2018 wọ́n ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Atàrí àjànàkú, kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Oṣù tó tẹ̀ lé e, owó tán pátápátá, káàdì ò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n sáré yá mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là kí ojú iná lè là padà. Oṣù kẹjọ wọ́n sọ ọ́ di fíìmù mẹ́ta lóṣù. Ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 wọ́n ti i pa.

Èyí tó dùn mí jù nínú ẹ̀ ò sì kan ti pé owó tán. Lọ́dún 2021, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò, FTC, sọ ohun tí wọ́n ṣe síta: wọ́n yí pásíwọ́ọ̀dù àwọn oníbàárà 75,000 tó ń lò ó jù padà, wọ́n wá purọ́ fún wọn pé àwọn rí nǹkan tó mú ìfura wá lórí àkáǹtì wọn. Wọ́n tún ní kí àwọn èèyàn máa ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì wọn ránṣẹ́ kí wọ́n tó lè wo òmíràn, bí fọ́tò ò bá lọ, àkáǹtì lè dì. Ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ràn sinimá jù lọ, tó san owó ẹ̀, tó lo ohun tó rà bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, òun ni wọ́n ń dínà mọ́. Mitch Lowe tó ń darí MoviePass nígbà yẹn àti Ted Farnsworth tó jẹ́ olórí Helios and Matheson, ìjọba fẹ̀sùn jìbìtì kàn wọ́n lọ́dún 2022, àwọn méjèèjì ló padà gbà pé àwọn jẹ̀bi. Spikes tí wọ́n ti lé kúrò lọ́dún 2018 ló wá ra orúkọ náà padà lẹ́yìn tí wọ́n wọko gbèsè, tó sì tún un gbé dìde lọ́nà míì.

Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá fi káàdì tí owó ẹ̀ kéré jù lọ̀ yín, ẹ bi í pé ta ló ń san ìyókù. Ti AMC, Regal àti Cinemark, ẹni tó ni káàdì náà ló ni ìjókòó, ló ni gúgúrú, ó sì mọ ohun tó ń jẹ́ owó gbọ̀ngàn tó ṣófo. Ìyẹn ló jẹ́ kó yé èèyàn bó ṣe lè dúró. Kì í sì í ṣe Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní Fáransé, ilé-iṣẹ́ sinimá kan tó ń jẹ́ UGC ti gbé káàdì wo-ó-títí tiẹ̀ jáde láti ọdún 2000, ilé sinimá kéékèèké figbe ta nígbà yẹn pé wọ́n fẹ́ pa àwọn, ìjọba wá ṣòfin lé e lórí. Ó ṣì wà títí dòní. Bíi ọdún yẹn náà ni UGC gbé e lọ sí Ìlú Ọba, Cineworld, ilé-iṣẹ́ sinimá ibẹ̀, sì jogún ẹ̀ nígbà tí wọ́n ra àwọn ilé sinimá UGC tó wà níbẹ̀. Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni Cineville ti àwọn ará Netherlands, láti 2009, torí káàdì kan náà ń ṣí ilẹ̀kùn ilé sinimá oríṣiríṣi tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, àwọn kéékèèké tó ń gbé fíìmù tí ẹ ò lè rí níbòmíràn. Irú ẹ̀ ni mo ń gbàdúrà kó dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ohun tó lè bí yín nínú. Àkọ́kọ́ ni pé orúkọ ẹnì kan ló wà lórí káàdì. Tí ẹ bá ní ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ mẹ́ta, káàdì kan ò ṣe nǹkan kan fún yín, ẹ ó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin kún un, tí ẹ bá sì gba káàdì fún gbogbo ilé, owó yẹn di owó ńlá tó yẹ kẹ́ ẹ jókòó sọ̀rọ̀ lé lórí. Fún ẹni tó ní ọmọ kékeré, tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè kó jọ bíi ti Cinemark dáa ju wo-ó-títí lọ, mi ò ní iyè méjì lórí ẹ̀.

Ìkejì, ìlú tí ẹ wà. Tó bá jẹ́ ilé sinimá kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ yẹn ní ládùúgbò yín, tí skríìnì ibẹ̀ ò ju mẹ́fà lọ, ẹ ó ti wo gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù kìíní máa ń gbẹ, ìparí oṣù kẹjọ wọ oṣù kẹsàn-án náà máa ń gbẹ, àwọn tó ń ṣe fíìmù kì í sábà gbé ọjà wọn tó dáa jáde nígbà yẹn. Ẹ ó ṣì máa sanwó o. Owó epo ọkọ̀ àti owó ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ńkọ́? Mo rí àwọn tó ń wakọ̀ ìṣẹ́jú ogójì lọ, ìṣẹ́jú ogójì bọ̀, torí wọ́n fẹ́ "lo káàdì", ìyẹn ò pé ẹnikẹ́ni.

Ìkẹta, ìjókòó. Ọjọ́ Sátidé tí fíìmù ńlá jáde, ẹ ó ṣí áàpù, gbogbo àárín gbọ̀ngàn ti di àwọ̀ eérú lójú àwòrán ìjókòó, ìyẹn ni pé wọ́n ti gbà á tán, àwọn méjì tó kù wà ní ìlà iwájú pátá níbi tí ọrùn á ti dun èèyàn. Káàdì ò fún yín ní ipò kankan lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wa la jọ ń dù ú. Ẹ tètè mú tiyín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, tí ẹ ò bá sì lè lọ mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fagi lé e kí aago tó lù, ẹlòmíì wà tó fẹ́ ìjókòó yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ míì sì máa ń ka á sí èyí tí ẹ ti lò.

Ìkẹrin ló dùn mí jù, ọ̀rọ̀ jíjáde. Ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, mo bá wọn dá owó dúró, áàpù wọn sọ fún mi pé ó ti parí, oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n tún já owó kúrò ní báńkì mi. Mo kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Mo lọ bá máníjà níbi káńtà, ọmọlúwàbí èèyàn ni, ó ní "ẹ má bínú, owó oṣooṣù yẹn ò sí lọ́wọ́ wa níbí, ọ́fíìsì ńlá ló wà." Báńkì mi ló padà bá mi gba owó yẹn. Torí náà, kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìgbàwọlé, ẹ lọ ka bí wọ́n ṣe ń jáde. Oṣù mélòó ni wọ́n ní kẹ́ ẹ dúró dandan? Tí ẹ bá jáde, ìgbà wo lẹ lè padà wọlé? Àwọn kan máa tì yín mọ́ta fún oṣù bíi mélòó kan. Tí ẹ bá dá a dúró, ẹ ya fọ́tò ojú fóònù níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó ti parí, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Àti pé gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó oṣooṣù, títí kan àwọn ilé eré ìmárale tí àwọn èèyàn ń rọ́ lọ ní oṣù kìíní, ẹni tó sanwó tí kò wá ni oníbàárà tó dára jù lójú wọn. Ẹ má jẹ́ ẹni yẹn. Tí oṣù kan bá kọjá tí ẹ ò lọ, ó lè jẹ́ iṣẹ́ ló pọ̀, kò burú. Tí oṣù méjì bá kọjá, ẹ wá bí ẹ ṣe máa dá a dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe tó bá di ọ̀la.

Ta wá ló pé? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé nítòsí, tó máa ń ráyè lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹni tó ń dá gbé, tí sinimá jẹ́ ìsinmi ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn méjì tó ń fẹ́ra tí wọ́n ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kálukú pẹ̀lú káàdì tiẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ fíìmù, fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ mi ò tiẹ̀ ní bi í léèrè, kó gbà á lónìí, torí kò sí ilé-ìwé tí owó ẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀, kó máa wo èyí tó dáa àti èyí tí ò dáa, kó máa wo ohun tí wọ́n ṣe síbẹ̀. Àwọn tí ò pé ni òbí tó ní ọmọ wẹ́wẹ́, ẹni tó jìnnà, ẹni tó jẹ́ pé Túsìdé nìkan ló ń ráyè, àti ẹni tó fẹ́ràn kó jókòó sílé tó ń wo fíìmù lórí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀, tiẹ̀ náà dáa, kò sí ìjà níbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún, nígbà tí fíìmù ńláńlá ìgbà ooru bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tàbí ní oṣù kọkànlá, torí láti ìgbà yẹn títí dé ọdún tuntun ni àwọn tó ń wá àmì ẹ̀yẹ máa ń kó iṣẹ́ wọn síta, àwọn fíìmù tí mo sọ pé ẹ̀rù máa ń ba èèyàn láti fi owó ọwọ́ rà. Ẹ fi oṣù mẹ́ta yẹn wò ó dáadáa, ẹ máa kọ orúkọ fíìmù àti ọjọ́ tí ẹ lọ sínú fóònù, ẹ kọ iye tí ẹ ì bá san sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ kọ owó gúgúrú náà síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta yẹn bá pé, ẹ ó rí ìdáhùn níbẹ̀ fúnra yín, kò ní jẹ́ ti ẹlòmíì.